Ẹ̀tọ́ Ara Lórí Onígbàgbọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ, Ìdárayá Líle àti Agbára Láti Sin Ọlọ́hun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó mọ ènìyàn láti inú amọ̀, tí Ó fún un ní egungun, iṣan àti èémí, tí Ó sì fi ara rẹ̀ ṣe àgọ́ fún ẹ̀mí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin àgbà ààfáà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ nípa ara ni.

Ní ọdún keje Hijira, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kó àwọn Sàábé rẹ̀ wọ Mẹ́kà láti ṣe Umrah tí àwọn Kùráíṣì dí wọn lọ́wọ́ ní ọdún tí ó ṣíwájú. Ìlú Mẹ̀dínà, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ Yathrib, lókìkí fún ibà láàárín àwọn Lárúbáwá nígbà náà. Àwọn ọ̀ṣẹbọ jókòó, wọ́n ń wòran, wọ́n sì ń sọ láàárín ara wọn pé àwọn tí ibà Yathrib ti gba agbára lọ́wọ́ wọn ni ó ń bọ̀ yìí. Ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá pàṣẹ fún àwọn Sàábé pé kí wọ́n máa sáré kúṣẹ́-kúṣẹ́ nínú ìrọkirika mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa rìn ní ibi tí ojú àwọn òǹwòran kò ti tó wọn, ní àárín igun Kaaba méjèèjì. Ibn Abbas tí ó gba ọ̀rọ̀ náà wá ṣàlàyé pé kò sí ohun tí kò jẹ́ kí ó pàṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ìrọkirika méjèèje bí kò ṣe àánú wọn tí ó ṣe é. Nígbà tí àwọn Kùráíṣì rí èyí, ẹnu wọn wọhò. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba hádíìsì náà wá, sísáré yìí ni àwọn onímọ̀ fíkíhì sì ń pè ní ramal.

Lẹ́yìn tí Mẹ́kà ti di ti àwọn Mùsùlùmí, Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni àwọn tún ń fi ramal ṣe mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀ṣẹbọ ni àwọn fi hàn, tí Ọlọ́hun sì ti pa àwọn yẹn run. Ṣùgbọ́n ó tún ara rẹ̀ dá lóhùn pé ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe ni, àwọn kò sì fẹ́ pa á tì. Bukhari ni ó gba èyí náà wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ramal ti kọjá lọ, àwọn tí wọ́n tìtorí wọn sáré ti di erùpẹ̀, síbẹ̀ sísáré náà kò kúrò nínú ìjọsìn. Títí di òní, súná ni fún ọkùnrin tí ó bá ń ṣe tàwáfù àkọ́wọlé pé kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ hàn bí alágbára. Mélòó nínú àwa tí à ń kọ́ àwọn ènìyàn ní fíkíhì ramal ni ó lè parí ìrọkirika mẹ́ta náà láìmí hẹlẹhẹlẹ bí alágbẹ̀dẹ tí ń fẹ́ ewìrì?

Àwa ààfáà ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí kí n tó kọ ọ́ sí ẹlòmíràn, èmi gan-an ni mo sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Orí ẹní ni iṣẹ́ wa wà. Bí a bá kírun Àsùbá tán, a ó jókòó ti àwọn ọmọ kéwú. Bí oòrùn bá mú, a ó jókòó ti ìwé. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó ti tàfúsíírì. Ọ̀kadà ni yóò gbé wa lọ, mọ́tò ni yóò gbé wa bọ̀. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pọn omi àlùwàlá wá. Mo pé ọmọ ọdún 48 ní Kano tí mo ti ń kọ́ni, kí ó tó di pé dókítà kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, tí ó sì bá a ní 160 lórí 100. Ó ní bí ó bá ti tó 140 lórí 90, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kò sí ibì kankan tí ó ń dùn mí. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí pé àárín ọdún méjì péré sí ìgbà náà ni a sin méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀kan lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, èkejì lẹ́yìn ìtọ̀ ṣúgà tí kò tètè mọ̀ pé òun ní. Kádàrá Ọlọ́hun ni ikú, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́rìí sí i pé nígbà tí à ń ṣe fídáù wọn, oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú wa kò yàtọ̀ sí èyí tí a ti jọ ń jẹ láti ogún ọdún.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtọ́jú ara jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni kí ààfáà máa sọ. Ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu wa ni hádíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, pé onígbàgbọ́ tí ó lágbára lóore jù, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí ó jẹ́ ọ̀lẹ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi hádíìsì yìí ṣe ẹ̀rí fún gbígbé irin àti híhu iṣan apá, bí ẹni pé ohun tí ó túmọ̀ sí nìyẹn tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Imáàmù Nawawi, nínú àlàyé rẹ̀ lórí ìwé Muslim, túmọ̀ agbára náà sí ìpinnu ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ọ̀run: ẹni tí ó yára dìde sí ogun ẹ̀sìn, tí ó ní ìgboyà láti pàṣẹ dáadáa kí ó sì kọ ìwà burúkú, tí ó ní sùúrù fún ìnira, tí ó sì ní ìtara sí ìrun, ààwẹ̀ àti ìrántí Ọlọ́hun. Ìtumọ̀ onímọ̀ ni, a kò gbọdọ̀ fò ó dá.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo àwọn iṣẹ́ tí Nawawi kà sílẹ̀ yẹn. Èwo nínú wọn ni ènìyàn lè ṣe láìsí ara? Ìpinnu ọkàn láti dìde lóru kò tó bí eékún kò bá lè gbé ènìyàn dìde. Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 247, nígbà tí àwọn ọmọ Isrẹ́lì kọ Talut ní ọba nítorí pé kò ní owó, èsì tí ànọ́bì wọn fún wọn ni pé Ọlọ́hun ti ṣe àlékún fún un nínú ìmọ̀ àti nínú ara. Ọlọ́hun so ìmọ̀ àti ara pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìmọ̀ ni Ó fi ṣíwájú, Ó sì fi ara tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí tí ó sì ṣe tààrà jùlọ lójú tèmi ni ti Abdullah ọmọ Amr, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń kírun mọ́jú. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò yìn ín fún un. Ó sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ìwé Bukhari ni ó wà. Bí ẹni tí ó ń fi ìjọsìn pa ara rẹ̀ lára bá gba ìkìlọ̀, kí ni à ó sọ fún ẹni tí ó ń fi àmàlà àti mínírà pa tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó ṣòro jù láti sọ fún àwa ààfáà, nítorí náà n ó dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ Sátidé wa. Ìsọmọlórúkọ wà ní àárọ̀, ìrẹsì àti ẹran díndín wà níbẹ̀. Yìgì wà lọ́sàn-án, iyán wà níbẹ̀. Fídáù wà lẹ́yìn Alásárì, àmàlà tàbí túwó wà níbẹ̀. Ní gbogbo ibẹ̀, àwo ààfáà ni ẹran máa ń pọ̀ sí jù, nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé bí a bá ṣe jẹun yó tó ni àdúà wa yóò ṣe gbà tó. Ẹni tí kò bá jẹ tán, wọ́n á ní inú ń bí i. Mínírà tútù á tẹ̀ lé e. Ṣúgà tí ó wà nínú ìgò mínírà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 50cl sábà máa ń sún mọ́ gíráàmù 50, ìyẹn bíi kóró ṣúgà 12, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé irú ṣúgà tí a pò mọ́ oúnjẹ àti ohun mímu bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi gíráàmù 50 lóòjọ́ fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Ìgò kan ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ta ni nínú wa ni ó máa ń mu ìgò kan mọ lọ́jọ́ Sátidé?

Súrà Al-A'raf, áyà 31, pa á láṣẹ pé kí á jẹ, kí á sì mu, ṣùgbọ́n kí á má ṣe kọjá ààlà, nítorí pé Ọlọ́hun kò fẹ́ràn àwọn tí ń kọjá ààlà. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nínú áyà náà ni pé àṣẹ ọ̀ṣọ́ ṣíṣe lọ sí mọ́sálásí ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Aṣọ ìrun àti ikùn olùkírun wà nínú áyà kan náà. A máa ń lọ agbádá wa kí á tó lọ sí Jímọ̀ọ̀, a kì í ronú nípa ohun tí agbádá náà bò. Hádíìsì tí Miqdam ọmọ Ma'dikarib gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Tirmidhi àti Ibn Majah, sọ pé ọmọ ènìyàn kò kún ohun èlò kankan tí ó burú ju ikùn lọ, pé òkèlè díẹ̀ tí yóò gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ti tó o, bí kò bá sì lè ṣàìjẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí.

Níbí, mo bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún okùn hádíìsì. Ọ̀rọ̀ méjì kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníwàásí lórí oúnjẹ. Ọ̀kan ni èyí tí ó sọ pé àwa jẹ́ ìjọ tí kì í jẹun àfi bí ebi bá pa wá, tí a kì í sì í yó bí a bá jẹ. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kò rí okùn tí ó yè kooro fún un. Èkejì ni èyí tí ó pe ikùn ní ilé àrùn. Ibn al-Qayyim kọ ọ́ nínú Zad al-Ma'ad pé ọ̀rọ̀ al-Harith ọmọ Kalada ni, oníṣègùn àwọn Lárúbáwá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ànọ́bì. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé e ka Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lórí. Ti Miqdam ti tó wa.

Báwo ni à ó wá ṣe sí ìpè àwọn ènìyàn, nígbà tí jíjẹ́ ìpè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí ọmọ ìyá rẹ̀? Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Jabir pé ẹni tí wọ́n bá pè sí oúnjẹ, kí ó jẹ́ ìpè náà. Bí ó bá wù ú, kí ó jẹ, bí kò bá sì wù ú, kí ó fi sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni wíwá. Jíjẹ wà ní ọwọ́ ẹni. Mo ti ń lo hádíìsì yìí láti ìgbà tí dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo máa ń lọ, mo máa ń ṣe àdúà fún onílé, mo máa ń jẹ òkèlè díẹ̀ kí inú rẹ̀ lè dùn, n ó sì ní kí wọ́n di ìyókù fún àwọn ọmọ kéwú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n bínú. Ní báyìí, àwọn kan ti ń gbé ẹ̀fọ́ àti ẹja síwájú mi láìjẹ́ pé mo béèrè.

Wọ́n bi Sahl ọmọ Sa'd léèrè bóyá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jẹ búrẹ́dì ìyẹ̀fun funfun rí. Ó ní láti ìgbà tí Ọlọ́hun ti gbé e dìde títí di ìgbà tí Ó gba ẹ̀mí rẹ̀, kò rí i. Wọ́n bi í bóyá wọ́n ní asẹ́. Ó ní wọn kò ní. Wọ́n ní báwo wá ni wọ́n ṣe ń jẹ ọkà báálì láìsẹ́ ẹ. Ó ní àwọn máa ń lọ̀ ọ́, àwọn á fẹ́ ẹ, èyí tí ó bá fò lọ á fò lọ, àwọn á sì po ìyókù. Bukhari ni ó gbà á wá. Òṣì àti ìgbà ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ fún wọn, a kò sọ pé asẹ́ di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n èèpo ọkà tí wọn kò sẹ́ dànù yẹn ni àwọn dókítà òde òní ń bẹ̀ wá pé kí á máa jẹ, nítorí pé kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń tètè mú ni yó. Ní àríwá tí à ń gbé yìí, túwó jéró àti ti ọkà bàbà wà lọ́jà. Ẹ̀wà wà. Ewé tí àwọn Hausa ń pè ní zogale wà ní ẹ̀yìnkùlé, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Iyọ̀ àti máàgí ni kí á dínkù: ìwọ̀n tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù iyọ̀ 5 lóòjọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan, máàgí tí a fi se ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà.

Ó kù sí ti ìdárayá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ìrun márùn-ún ti tó fún ìdárayá. Mo ti sọ ọ́ rí lórí mínbárì, mo sì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọsìn ni ìrun. Ẹni tí ó bá kí i nítorí ẹ̀yìn ríro ti da èrò rẹ̀ rú. Lẹ́ẹ̀kejì, ìfarabalẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú òpó ìrun: kí egungun kọ̀ọ̀kan padà sí ààyè rẹ̀ ni a pa láṣẹ, kì í ṣe kí ọkàn máa lù kìkì. Ohun tí ìdárayá líle ń wá kò sí nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Àwọn Sàábé tí ń kírun lẹ́yìn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fi ìrun rọ́pò eré sísá.

Salama ọmọ al-Akwa' jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ lásán lé àwọn ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Mẹ̀dínà láti ìrìn-àjò kan, ọkùnrin kan nínú àwọn Ansar tí ẹnikẹ́ni kò sá eré borí rí ń kígbe pé ta ni yóò bá òun sá a dé Mẹ̀dínà. Salama tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, wọ́n sì yọ̀ǹda fún un. Nínú ìròyìn rẹ̀ tí ó wà nínú ìwé Muslim, ó ní òun fa ara òun sẹ́yìn fún òkè kan tàbí méjì, kí èémí òun má baà tán, lẹ́yìn náà ni òun wá tú ẹsẹ̀ ká, òun bá a, òun sì gbá a láàárín èjìká méjèèjì pé òun ti borí rẹ̀. Ó ṣíwájú rẹ̀ wọ Mẹ̀dínà. Ẹni tí ó bá ti sá eré ọ̀nà jíjìn rí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ti ẹṣin tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibn Umar gbà á wá, Bukhari àti Muslim sì kọ ọ́, pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣètò eré ẹṣin: àwọn tí wọ́n ti kọ́ sáré láti al-Hafya dé Thaniyyatul-Wada', àwọn tí wọn kò tíì kọ́ sáré láti Thaniyya dé mọ́sálásí àwọn ọmọ Zurayq. Sufyan sọ pé ti àkọ́kọ́ tó máìlì 5 tàbí 6, ti èkejì jẹ́ máìlì kan. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ẹṣin náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣàlàyé hádíìsì ti wí, ni pé wọn á bọ́ ẹṣin dáadáa títí yóò fi lágbára, lẹ́yìn náà wọn á dín oúnjẹ rẹ̀ kù sí ìwọ̀n tí ó tó o, wọn á mú un wọ inú ilé, wọn á fi aṣọ bò ó kí ó lè làágùn, kí ọ̀rá rẹ̀ lè fúyẹ́, kí ẹran ara rẹ̀ sì le. Oúnjẹ àti òógùn pa pọ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé wọn kò da ẹṣin tí a kò tíì kọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí a ti kọ́. Máìlì kan ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù gbígbá lẹ́yìn ogún ọdún ìjókòó, tí orúnkún wọn sì wú, ìbá ṣe pé wọ́n ka hádíìsì yìí ni.

Ibn al-Qayyim, ẹni tí ó kú ní ọdún 751 Hijira, sọ̀rọ̀ lórí ìdárayá nínú Zad al-Ma'ad náà. Ó ní èyí tí ó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni èyí tí awọ ara ń pọ́n nínú rẹ̀ tí ara sì ń rin, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti ń ṣàn, ó ti kọjá ìwọ̀n. Ó ní ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ìdárayá tirẹ̀, ti àyà ni kíkàwé jáde láti ohùn jẹ́jẹ́ dé ohùn òkè, nígbà tí ẹṣin gígùn, ọfà títa, ìjàkadì àti eré sísá jẹ́ ti gbogbo ara. Báwo ni à ó ṣe so ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí òógùn mọ́ ti ẹṣin tí wọ́n fi aṣọ bò? Lójú tèmi, ìtọ́jú ìlera ẹni tí ó wà nínú ilé rẹ̀ ni Ibn al-Qayyim ń sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lágbára sí i yóò kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ìwọ̀n tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 fi àyè gba ọ̀nà méjèèjì: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá àárín, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 fún èyí tí ó le, kí á sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe ohun tí ń mú iṣan le. Bí a ó ṣe dá wọn mọ̀ rọrùn. Nínú ti àárín, ènìyàn lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò lè kọrin. Nínú ti líle, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó mí. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ó sì má fi eré sísá rọ́pò oògùn rẹ̀. Bí àyà bá ń dun ènìyàn tàbí òòyì ń kọ́ ọ nígbà tí ó ń ṣe é, kí ó dúró, kí ó sì lọ gba àyẹ̀wò.

Ìjàkadì náà wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn wa mọ̀. Ìtàn bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe dá Rukana wà nínú Abu Dawud àti Tirmidhi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Tirmidhi fúnra rẹ̀ sọ pé okùn rẹ̀ kò dúró ṣinṣin. Ní orílẹ̀-èdè Niger tí ó múlé tì wá, ìdíje ìjàkadì gbogboogbò ń wáyé lọ́dọọdún, idà ni wọ́n sì ń fún ẹni tí ó bá borí. Eré náà dára. Oǹdè tí àwọn ìjàkadì kan ń so mọ́ apá ni a kò fara mọ́.

Ti àwọn obìnrin ńkọ́? Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà á wá pé òun bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sáré nínú ìrìn-àjò kan, òun sì ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí òun wá sanra, wọ́n tún sá a, ó ṣíwájú òun, ó sì sọ pé èyí di ti ìjọsí. Abu Dawud ni ó kọ ọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, olórí ogun, olórí ìlú, ń bá ìyàwó rẹ̀ sá eré! Àwa tí a ti ìyàwó wa mọ́lé, tí a ní kí wọ́n má jáde, kí wọ́n má rìn, tí a sì ń ráhùn pé orúnkún ń dùn wọ́n, ẹ̀bi ta ni? Àgbàlá wà. Okùn fífò kò gba owó. Kí aṣọ bo ìhòòhò, kí ojú àjèjì ọkùnrin má tó wọn, ìyókù kò sí lára ohun tí a ń bá wọn jà sí. Àwa ọkùnrin náà, kí ṣòkòtò bọ́ọ̀lù wa bo itan, kí eré má sì gba àsìkò ìrun.

Oṣù Ramadaani ni ibi tí gbogbo èyí ti máa ń dàrú. A ó gbààwẹ̀ fún wákàtí 13, a ó sì fi ìṣínu kan gba gbogbo rẹ̀ padà, tí ẹ̀fẹ́ yóò fi máa yọ lẹ́nu wa nínú ìrun àṣámù. Kí á fi dàbínù àti omi ṣínu, kí á kírun Màngàríbì, kí á tó padà jẹun níwọ̀nba. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdárayá líle, lẹ́yìn àṣámù ni kí ó ṣe é, nígbà tí ó ti mu omi.

Hájì ni ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ jọ. Lílọ-bíbọ̀ méjèèje láàárín Safa àti Marwa nìkan tó bíi kìlómítà 3, tàwáfù kò tíì sí níbẹ̀, ti Mina àti ti òkò jíjù kò sì tíì sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru ní Mẹ́kà kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìjọba Saudi sì kéde pé àwọn tí ó kú lé ní 1,300. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n rìn ní ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìní ibi ìsinmi. A kò ní sọ pé àìdáraya ni ó pa wọ́n. Ooru bẹ́ẹ̀ lè pa alágbára pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọdún mẹ́wàá kó owó Hájì jọ, tí kò fi oṣù mẹ́fà kó ẹsẹ̀ jọ fún un, ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kò pé. Mo ti dá a lábàá fún àwọn tí ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò Hájì ní àdúgbò wa pé kí wọ́n máa kọ́ wọn ní ìrìn pẹ̀lú àdúà tí wọ́n ń kọ́ wọn: ìdajì wákàtí lójúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó di wákàtí kan, kí wọ́n sì máa gbé omi dání.

Nínú ilé kéwú tiwa, a ti yọ ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ láàárín Alásárì àti Màngàríbì. Kì í ṣe ohun tuntun ni a dá sílẹ̀. Ghazali kọ ọ́ nínú Ihya pé kí á jẹ́ kí ọmọ máa rìn, kí ó máa ṣe ìdárayá ní apá kan ọjọ́ kí ọ̀lẹ má baà borí rẹ̀, àti pé kí á fún un láyè eré tí ó dára lẹ́yìn ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìsinmi ń pa ọkàn ọmọ. Òbí kan gba ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa nítorí rẹ̀, ó ní eré kọ́ ni òun ń san owó fún. Ọmọ náà mọ ìdá márùn-ún Alùkùránì sórí kí ó tó lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ Salima fẹ́ kó lọ sí ìtòsí mọ́sálásí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó ní kí wọ́n jókòó sí ilé wọn, pé a ń kọ ìṣísẹ̀ wọn sílẹ̀. Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Jabir. Ilé mi sí mọ́sálásí jẹ́ ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ kéwú kan ni ó bi mí ní ọdún tí mo gba àyẹ̀wò náà pé, bí àwọn bá ń fẹsẹ̀ rìn wá, tí Lèmọ́mù ń gun ọ̀kadà wá, ta ni wọ́n ń kọ ìṣísẹ̀ fún? N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ni mo ń fi lọ kírun Àsùbá, àwọn ọmọ náà a sì máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kí á lè jọ rìn.